Béèsì Nìkan Kọ́ Ni Orin

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta íápíìsì nítòsí gẹ́ètì Yunilágì l'Akọka. Ìbéèrè kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo oníbàárà: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé béèsì ẹ̀ wà?" Ọlọ́jà ò ní jáfara. Á ní, "Ọ̀gá mi, béèsì ẹ̀ ń gbọn orí!" Owó á kúrò lọ́wọ́, ọjà á bọ́ sápò, ó parí. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ inú orin á ṣeé gbọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá nǹkan ọ̀hún á lè wà nínú etí fún wákàtí kan láìjẹ́ kí etí máa ta èèyàn.

Àwa tí kóòdù kíkọ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wa ládùúgbò yìí, láti Abúlé Ọjà títí dé Bàrígà, tí íápíìsì ń pẹ́ nínú etí wa ju bí bàtà ṣe ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ wa lọ, a ní ọ̀rọ̀ í sọ sí ìbéèrè yẹn. Ìbéèrè yẹn ló ba ọjà jẹ́. Òun ló jẹ́ kí wọ́n máa kó ariwo tí wọ́n fi rọ́bà wé ránṣẹ́ sí wa lórúkọ orin. Òun náà ló sì ń jẹ́ kí etí ọmọ ogún ọdún máa gbó bíi ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ohùn tó dọ́gba. Nínú orin, àwọn ohùn kan ń gbé ìsàlẹ̀: ìlù ńlá àti gìtá béèsì. Àwọn kan ń gbé àárín: ohùn èèyàn, gángan, dùùrù. Àwọn kan ń gbé òkè: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti "s" àti "ṣ" tó ń jáde lẹ́nu akọrin. Íápíìsì tó dọ́gba kì í jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì lórí. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa ńkọ́? Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ ga, wọ́n gbé òkè ga, wọ́n wá gbẹ́ kòtò sí àárín. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, àwòrán tó máa ń yọ jọ lẹ́tà V, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ṣe ń pè é.

Ta ló wà nínú kòtò yẹn? Ohùn èèyàn ni. Fún ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹ rántí tẹlifóònù ayé àtijọ́, èyí tí wáyà so mọ́ ògiri. Kì í gbé ju ohùn tó ń gbọ̀n láàárín ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àwọn ọkùnrin pàápàá, wà nísàlẹ̀ 300 yẹn. Ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ohùn bàbá yín ò gba orí wáyà kọjá rárá. Síbẹ̀, tí bàbá bá ní kí ẹ gbé ọkọ́ wá, ẹ ò ní wa ọkọ̀ lọ bá a. Báwo ló ṣe jẹ́? Ohùn èèyàn kì í dá rìn ni. Tí ìpìlẹ̀ bá ń gbọ̀n ní ìgbà 120, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n ní 240, 360, 480, títí lọ. Ọpọlọ á wo àwọn ọmọlẹ́yìn, á sì fi wọ́n mọ ibi tí ọ̀gá wọn ì bá wà. Àwọn ọmọlẹ́yìn yìí wà lára ohun tó ń gbé àmì ohùn wa, èyí tó ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, tó ń ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀. Àárín ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé, ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí gan-an.

A ò sọ pé íápíìsì oníbéèsì á sọ ọkọ́ di ọkọ̀ fún yín o. Tí èèyàn bá ń dá sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Inú orin ni wàhálà wà, níbi tí ìlù, gìtá àti ohùn mẹ́ta ti ń jáde pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá lágbára jù a máa bo àwọn tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú etí. Bí Ọlọ́run ṣe dá etí nìyẹn, kì í ṣe àìfetísílẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ á bọ́ sínú ìlù, ẹ ó wá máa fi "hmm-hmm" dí àlàfo nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ẹ wá wo ibi tí a wà. Bàrígà ò ju ká rìn dé ibẹ̀ láti Akọka. Àdúgbò tí Olamide ti jáde nìyẹn. 9ice náà, tó gbé àwo "Gongo Aso" jáde lọ́dún 2008, agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà yìí ló dàgbà sí. Kí ni àwọn méjèèjì fi jẹun? Ọ̀rọ̀ ni. Òwe, ẹ̀fẹ̀, àdàpè, èébú tí wọ́n fi ẹ̀rín bò. Ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin wọn, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n bí sí òpópónà kejì sí ibi tí orin náà ti wá wá fi íápíìsì tó ń gbọn orí sétí, gbì-gbì-gbì nìkan ló ń gbọ́. Á jó o, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé kí ni akọrin sọ, á ní, "Ẹ lọ wo lyrics ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Ọmọ Yorùbá, orin Yorùbá, íntánẹ́ẹ̀tì ló máa wá bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀!

Tí a bá ń sọ ọ́ báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń bínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin kọ̀ǹpútà-kọ̀ǹpútà yìí, ẹ fẹ́ràn wàhálà. Orin ijó ni orin wa, béèsì ni ìlù, ìlù ni Yorùbá." Ó dára. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ìlù náà. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìlù yòókù ń gbè é ni, gúdúgúdú ń dá tirẹ̀ lọ́wọ́ kan náà láìyẹsẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ ti rí àyàn tó máa gbà kí omele bo ìyáàlù mọ́lẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n ń kì? Wọ́n á lé onítọ̀hún kúrò lójú agbo ni. Kí wọ́n tó bí ẹni tó ń ṣe íápíìsì ni àwọn àgbà wa ti mọ ohun tí ohùn tó dọ́gba ń jẹ́.

Ẹ má sì gbọ́ ọ sódì: ohùn tó dọ́gba kì í ṣe ohùn tí kò ní béèsì. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Harman l'Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún bi àwọn olùgbọ́ léèrè ohùn tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ kí béèsì ní ara. Àwa náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí béèsì jókòó lé akọrin lórí. Ẹ lọ sí Ṣómólú, tí gbogbo Èkó ń gbé ìwé lọ tẹ̀. Tí onítẹ̀wé bá da tádàwà dúdú sórí káàdì ìgbéyàwó yín títí tí orúkọ ìyàwó ò fi ṣeé kà mọ́, ṣé ẹ ó máa yọ̀ pé "dúdú ẹ̀ wà"? Ẹ ó gba owó yín padà ni.

Ó wá ku ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń pariwo béèsì, torí pé wọn ò ya wèrè. Ìdí ọ̀hún ni pé béèsì ń jò.

Íápíìsì tó ń wọ inú ihò etí gbọ́dọ̀ dí ihò náà pa. Tí àyè bá wà láàárín rọ́bà ẹnu rẹ̀ àti ara etí, bó ti wù kó kéré tó, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gba ibẹ̀ sá jáde. Ohun tó kù á wá gbẹ, á máa dún bíi rédíò kékeré tó wà nínú agolo. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi ìka rọra ti íápíìsì yín wọlé díẹ̀. Tí béèsì bá ṣàdédé yọjú, a jẹ́ pé rọ́bà yín ò bá etí yín mu. Kò sí nǹkan tó ṣe íápíìsì. Ìwọ̀n rọ́bà ló ṣì.

Àwọn tó ń ṣe ọjà pọ́ńpẹ́ mọ èyí dáadáa. Dípò kí wọ́n fi rọ́bà oríṣiríṣi sínú páálí, wọ́n kúkú da béèsì lé e ní ìlọ́po-ìlọ́po, kí etí tó ń jò náà lè rí nǹkan gbọ́. Ẹni tí rọ́bà bá wá bá etí rẹ̀ mu, ìyà ló jẹ ẹ́, torí gbogbo béèsì náà ló máa wọlé sí i lára. Èyí tó tiẹ̀ bá rọ́bà kékeré, àárín àti ńlá wá láti ilé-iṣẹ́, tó bá fi máa dé orí tábìlì ọlọ́jà, wọ́n ti já páálí rẹ̀, rọ́bà méjì yòókù ti sọnù sínú gọ́tà. Àárín nìkan ló kù. Àárín fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àárín fún bàbá tó lóyè.

Ta ló ń ra bàtà báyìí? Tí oníbàtà bá sọ fún yín pé nọ́ńbà 42 ni òun ní fún gbogbo aráyé, kí ẹ kàn fi sùúrù wọ̀ ọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ihò etí náà yàtọ̀ síra bíi ti ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ihò etí ọ̀tún rẹ̀ ò tó ti òsì. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ráhùn jù, torí ihò etí púpọ̀ nínú wọn kéré, ara íápíìsì fúnra rẹ̀ á sì máa gún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Wọ́n á wá sọ fún wọn pé "ó máa mọ́ ẹ lára." Kí ló máa mọ́ni lára? Tí etí bá ń dunni lẹ́yìn ìdajì wákàtí, etí ń sọ̀rọ̀ ni. Rọ́bà tó kéré sí i wà, fóòmù tó ń rọ̀ bá ihò etí wà, wáyà tí wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìn etí kó má baà máa fà wà. Kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu nínú wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìtura àti ohùn ò ṣeé yà. Ẹni tó bá ní òun ò rí ti ìtura rò, ohùn lòun ń wá, kò tíì mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ wá kan ewu. Ẹ mọ ariwo àdúgbò wa. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ti òsì dáhùn, ti ẹni tó ń lọ ata gbè é. Nínú dánfó, ẹ́ńjìnnì, kọ́ńdọ̀ àti oníwàásù ń bára wọn du afẹ́fẹ́. Íápíìsì tó ń jò ò lè dí ariwo wọ̀nyí, kí lẹ ó wá ṣe? Ẹ ó gbé fọ́lúùmù sókè kí orin lè borí jẹnẹrétọ̀. Orin á borí, lóòótọ́. Etí ló máa sanwó rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ṣírò rẹ̀: tí ohùn bá wà ní dẹ́síbẹ̀lì 80, etí àgbàlagbà lè gbà á fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá gòkè dé 90, wákàtí 4 péré ni, fún odidi ọ̀sẹ̀ o, kì í ṣe fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ń wọ dánfó lọ sí ibi iṣẹ́, tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀, lè ti ná wákàtí mẹ́rin yẹn tán kó tó di Ọjọ́rú. WHO kan náà ló ní àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 35 tí etí wọn wà nínú ewu báyìí lé ní bílíọ̀nù kan lágbàáyé. Àwọn irun tín-ín-rín tó ń gbọ́ ohùn fún wa nínú etí, tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Kò sí àgbo rẹ̀, kò sí update rẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó "yíí" lóru nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́, kó má pè é ní ẹ̀mí àìrí.

Rọ́bà tó bá etí mu ń dí púpọ̀ nínú ariwo láìlo iná, láìlo bátìrì, fọ́lúùmù á sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. (Lójú títì, ẹ yọ ọ́. Íápíìsì tó dí etí dáadáa á dí hóònù kẹ̀kẹ́ Márúwá náà. Ojú ọ̀nà Yunifásítì kì í ṣe ibi ìgbọ́rin.)

Ó ku àwọn kan láàárín wa tí a gbọ́dọ̀ bá wí, àwọn tó ti sá fún béèsì tán tí wọ́n wá kó sọ́wọ́ ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan: "balanced." Wọ́n rí i lára páálí, wọ́n sanwó gegere. Ẹ gbọ́, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Àkọ́kọ́ ni balanced armature, irin wẹ́wẹ́ tó dúró láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, tí iná mànàmáná ń mì. Inú ẹ̀rọ àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa ni wọ́n ti ń lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ olórin, Etymotic sì fi ṣe ER-4 lọ́dún 1991. Èkejì ni wáyà balanced, tí ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 2.5 tàbí 4.4, tó ya ọ̀nà etí ọ̀tún kúrò lára ti òsì pátápátá. Ẹ̀kẹta ni ohùn tó dọ́gba, èyí tí a ti ń sọ látàárọ̀. Íápíìsì lè ní ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì kí ohùn rẹ̀ sì wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Wáyà 4.4 ń fúnni ní agbára sí i, ṣùgbọ́n íápíìsì tí fóònù lásán ti ń gbé láìlàágùn, agbára wo ló tún ń wá? Ẹ ra wáyà olówó ńlá, ẹ wá fi gbọ́ orin tí ẹ gbà láti WhatsApp. Ẹ kú ìnáwó.

Owó kọ́ sì ni ìṣòro. Lọ́dún 2022, Moondrop Chu àti 7Hz Salnotes Zero jáde láti Ṣáínà ní nǹkan bíi $20, ohùn wọn sì dọ́gba ju ti ọ̀pọ̀ ọjà tó gbówó lórí lọ. A mọ̀ pé náírà ti ṣe wá bó ṣe ṣe wá: $20 tó jẹ́ bíi ₦9,200 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti di bíi ₦30,000 ní 2024, kí a tó ka owó ìkẹ́rù mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ní in, kó mú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá rọ́bà tó bá a mu, kó sì fi equalizer orí fóònù fa béèsì wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni AutoEq tí Jaakko Pasanen kọ. Áàpù Wavelet lórí Android ń lò ó, á bá yín tún ohùn ọ̀pọ̀ íápíìsì tí wọ́n ti wọ̀n ṣe.

Kí àwọn ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ náà gbọ́ tiwọn. A ti rí ilé-iṣẹ́ tó ra Bluetooth oríṣi kan ṣoṣo fún gbogbo òṣìṣẹ́, tó wá ń bínú pé wọn kì í gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípàdé orí ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ Bluetooth, ní kété tí gbohùngbohùn bá ti ṣí, ohùn á já wálẹ̀ sí ti tẹlifóònù, torí ọ̀nà náà ò gba kí ohùn tó dáa máa lọ kó tún máa bọ̀. Wáyà olówó pọ́ọ́kú ò ní wàhálà yẹn. Ẹ fún èèyàn ní owó íápíìsì, kó lọ ra èyí tó bá etí rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà ní gẹ́ètì, a ò bá yín jà, a fẹ́ kẹ́ ẹ jẹun. Ẹ kó rọ́bà oríṣi mẹ́ta síta sórí tábìlì, ẹ ní ọtí ìnuǹkan àti òwú nítòsí kí èèyàn lè dán an wò láìkó ìdọ̀tí ẹlòmíràn sétí, ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi orin tirẹ̀ dán an wò, kì í ṣe orin béèsì tẹ́ ẹ ti tọ́jú sínú fóònù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà, ẹ mú orin Yorùbá kan tẹ́ ò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dání. Ẹ gbé fọ́lúùmù sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ò gbọ́ rí, tí etí ò sì ta yín, ẹ sanwó. Tí ọlọ́jà bá ní òun ò ní rọ́bà kékeré, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.